Kí ni mo lè máa kà nínú Bíbélì dípò fóònù tí mo ń tẹ̀ lásán?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ń jókòó sí, bí ẹsẹ̀ bá sì ti dá báyìí, orí Facebook àti TikTok ni ọwọ́ mi máa ń lọ títí oníbàárà mìíràn yóò fi dé. Mo fẹ́ fi àkókò kéékèèké wọ̀nyí ka Bíbélì, ṣùgbọ́n orí 1,189 ni ó wà nínú rẹ̀, ètò àkàtán lọ́dún kan tí wọ́n fún wa ní ìjọ sì ń béèrè orí mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, èyí tí kò ṣeé kà láàárín oníbàárà kan sí èkejì. Kí ni ó kúrú tí ó sì ní láárí?

Bàbá Olùkọ́:
Ìwé Òwe ni kí ẹ mú. Orí 31 ni ó ní, nítorí náà ọjọ́ tí oṣù bá jẹ́ ni yóò sọ orí tí ẹ óò ṣí. Láti orí 10 lọ, ọ̀pọ̀ ẹsẹ ibẹ̀ ni ó dá dúró fúnra rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí oníbàárà bá dé láàárín, ẹ kò pàdánù ohunkóhun. Orí 1 sí 9 ni ó so kọ́ra, ẹ ka ìyẹn nílé kí ẹ tó jáde.

Àbíkẹ́:
Ẹ ra Bíbélì onílẹ́tà ńlá, kí ẹ sì ti fóònù mọ́ inú àpótí owó. Ẹni tí ó ní òun fẹ́ ka Bíbélì lórí fóònù, WhatsApp ni yóò kà.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, àǹtí mi, àmọ́ àwọn tí ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì pọ̀ ju àwọn tí ń san owó lọ́wọ́ lọ. Fóònù kò lè jìnnà sí mi.

Àbíkẹ́:
Ẹ pa dátà nìkan, nígbà náà. Bí ilé ìfowópamọ́ yín bá ń fi àléètì ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, yóò wọlé láìsí dátà. Bíbélì yín ni kí ó wà lórí tábìlì.

Alhaja:
Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Súrátùl Mulk, orí kan nínú Kùránì tí ó ní ẹsẹ 30, ni mo máa ń kà kí n tó sùn, nígbà tí ojú mi ì bá wà lára fóònù. Ibi kan náà ni mo ń kà lálaalẹ́, n kì í wá tuntun kiri, èmi sì rò pé ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó sú mi.

Ìyá Ìbejì:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bàbá, nínú oṣù tí ó mọ ní ọjọ́ 30, ṣé kí n fo orí 31 ni?

Bàbá Olùkọ́:
Ẹ kà á mọ́ orí 30. Obìnrin oníṣòwò wà nínú orí 31 náà, ní ẹsẹ 18, tí ó mọ̀ pé ọjà òun dára. Ẹ má fò ó.