Oṣù wo ló yẹ kí n mú bàbá mi lọ wo erin ní Yankari?

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Yankari rí, igbó tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì fẹ́ fi ojú ara wọn rí erin nínú igbó. Ìbàdàn la ti ń bọ̀. Bàálù la máa wọ̀, torí orúnkún ń dùn wọ́n.

Mo mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù: koríko á ti gbẹ, omi inú igbó á ti fà, àwọn erin á sì máa wá mumi ní odò Gaji. Àmọ́ ìparí oṣù Kejìlá tàbí àárín oṣù Kẹta nìkan ni ibi iṣẹ́ lè yọ̀ǹda mi. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún mi títí, kò wọlé. Àwọn tí mo bi léèrè, ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu: ọ̀kan ní ọyẹ́ oṣù Kejìlá kì í jẹ́ ká ríran jìnnà, èkejì ní ooru oṣù Kẹta á pọ̀ jù fún àgbàlagbà.

Nínú oṣù méjèèjì, èwo lẹ ti rí erin níbẹ̀? Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń káàkiri igbó ńkọ́, ṣé ẹni tí orúnkún ń dùn lè gùn ún?