Báwo ni a ṣe ń mọ ojúlówó nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣọ̀wọ́n?

Bàbá Oníṣọ́ọ̀bù, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ní alẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, èmi àti ọmọbìnrin mi máa ń ṣa àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí etí kì í sábà gbọ́ jọ sínú ìwé kan. A rí “overmorrow”, tí wọ́n ní ọ̀tunla ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó lò ó nínú àròkọ, olùkọ́ rẹ̀ fi bírò pupa fagi lé e pé kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé ojúlówó ni àbí ayédèrú?

Tíṣà Àgbà, Ṣágámù:
Ojúlówó ni, ẹ̀gbọ́n. Ó wà nínú Bíbélì tí Miles Coverdale túmọ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní 1535. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ kí ó kú mọ́ wọn lọ́wọ́, bí wọ́n ti ṣe fún “ereyesterday” tí í ṣe ìjẹta, tó fi di pé odidi àpólà ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ohun tí ìyá aláta ní Òkè-Àjẹ ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. Àwọn ará Jámánì kò sọ tiwọn nù. “Übermorgen” ni wọ́n ń pè é títí di òní. Síbẹ̀, n kò lè dá olùkọ́ náà lẹ́bi púpọ̀.

Ọmọ Onígaàrí, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Kì í ṣe gbogbo èyí tó ṣọ̀wọ́n ló ti gbó o. “Petrichor”, òórùn tí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń tú jáde nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bọ́, kò dàgbà ju 1964 lọ. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Ọsirélíà, Isabel Joy Bear àti Richard Thomas, ló fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ mọ́ òkúta àti èyí tí wọ́n ń pe ẹ̀jẹ̀ àwọn òrìṣà wọn ṣẹ̀dá rẹ̀.

Tíṣà Àgbà, Ṣágámù:
Kí ẹ má sì gba ìwé atúmọ̀ èdè gbọ́ tán. Ní 1934, ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Webster tẹ “dord” jáde, ó ní ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ki tó ni. “D or d” ni wọ́n kọ sórí káàdì, ìyẹn ni pé lẹ́tà D ńlá tàbí kékeré lè dúró fún ìwọ̀n náà. Ẹni tó kà á ló so ó pọ̀, kò sì hàn sí wọn títí di 1939. Nítorí náà, ẹ wá ibi tí ẹnìkan ti fi ọ̀rọ̀ náà sọ̀rọ̀ ní tòótọ́, kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá Oníṣọ́ọ̀bù, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ṣeun gan-an. A ti fa ìlà kan sí i sínú ìwé náà fún ọdún àti ẹni tó lo ọ̀rọ̀. “Overmorrow” ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dé inú àròkọ mọ́ títí ìdánwò yóò fi parí.