Láti ìgbà tí wọ́n ti pápá àdúgbò wa pa ni olè ti gba ibẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Pápá kan wà ládùúgbò wa tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn àgbà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa tàkúrọ̀sọ, iná ibẹ̀ kì í kú bọ̀rọ̀, téèyàn bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́, ibẹ̀ gan-an lọkàn ẹ̀ ti máa ń balẹ̀. Ni wọ́n bá láwọn fẹ́ tún un ṣe, wọ́n ti géètì pa, wọn ò tún nǹkan kan ṣe, iná kú, igbó hù, àwọn tó ń já fóònù gbà wá ríbi fara pamọ́ sí. Wọ́n já tèmi náà gbà níwájú géètì yẹn. Ohun tó dùn mí ju fóònù lọ ni báwọn kan ṣe ń sọ pé àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ló yà sólè. Rárá o! Mo mọ àwọn ọmọ yẹn. Àwọn gan-an lojú tó ń bá wa ṣọ́ ibẹ̀, wọ́n sì lé wọn kúrò.

---

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Tèmi tí mo jẹ́ obìnrin, tọ́lẹ́ẹ̀tì ni. Ilé tí mo gbé nígbà kan ò ní, ti gbogbogbò là ń lò, ó jìnnà, kò síná lójú ọ̀nà. Tílẹ̀ bá ti ṣú a máa ń dúró de ara wa ká tó lọ, èmi ò tiẹ̀ ń mumi nírọ̀lẹ́ mọ́. Ọkùnrin kan gbá ọ̀rẹ́ mi mú lójú ọ̀nà yẹn lóru, ariwo tó pa ló yọ ọ́. Lọ́dún 2015 àwọn olùwádìí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣírò ẹ̀ fún Khayelitsha ní South Africa pé tí tọ́lẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìfipábánilòpọ̀ lójú ọ̀nà tọ́lẹ́ẹ̀tì máa dín kù ní nǹkan bíi 30%. Kò yà mí lẹ́nu rárá.

---

Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ iná nìkan ò tó o. Lọ́dún 2016 ní New York wọ́n gbé iná ńláńlá lọ sáwọn ilé kan tí ìjọba kọ́ fáwọn aráàlú láti máa gbé, ìwà ọ̀daràn tó lágbára tó ń ṣẹlẹ̀ níta lóru sì dín kù ní nǹkan bíi 36%, ìyẹn dáa. Tiwa ńkọ́? Wọ́n ri iná síbi tá a ti ń wọ bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó ń bójú tó o, wọ́n tú wáyà ẹ̀ lọ, òkùnkùn tún dé. Ìgbà tí wọ́n gba ẹnì kan síbẹ̀ tó ń gbálẹ̀, tó dá gbogbo wa mọ̀, tó ń pe olúkúlùkù lórúkọ, lolè tó sá. Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá lọ bá àwọn aláṣẹ nítorí pápá yẹn, ẹ bi wọ́n dáadáa, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà, aago mélòó lẹni náà máa ṣí i, aago mélòó ló máa tì í, ta la sì máa pè tí gílóòbù bá jó.