Ọdún wo gan-an ni ìjọ wa bẹ̀rẹ̀? Ìwé ìrìbọmi àti ẹnu àgbà kò bára mu

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì nílé lóko. Agbègbè Ìjerò ni ìlú wa wà, ìlú kékeré tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn já kí iyán tó tutù. Àwọn àgbà ìjọ Áńgílíkà wa yàn mí ní akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí yóò kọ ìtàn ìjọ náà sílẹ̀ kí àjọ̀dún ìdásílẹ̀ rẹ̀ tó dé, iṣẹ́ tí mo rò pé oṣù méjì yóò parí, ṣùgbọ́n tí ó ti di ìjà láàárín agbo ilé méjì báyìí.

Ohun tí gbogbo wa gbọ́ láti kékeré ni pé ọkùnrin kan tí ogun Ìbàdàn kó lọ nígbà èwe rẹ̀ padà wálé nígbà tí ogun Kírìjì tú ká, ó gbé Bíbélì kan dání, ó sì ń kó ènìyàn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní àràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ìgbàgbọ́ gbà wọ̀lú. Nígbà tí mo wá ṣí ìwé ìrìbọmi tí ó pẹ́ jù nínú àpótí ìjọ, orúkọ obìnrin kan láti agbo ilé mìíràn ni mo bá ní ìlà kìíní ojú ewé kìíní. Ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì tún fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá pẹ́ ju èyí tí àwọn àgbà ń kà lẹ́nu. Mo ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò rí orúkọ ọkùnrin náà rárá. Àwọn ará agbo ilé obìnrin náà ti ń wí báyìí pé àtọwọ́dá ni ìtàn ọkùnrin yẹn, pé ìwé kì í parọ́. Ọdún kẹta tún wà lára òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìsìn, èyí tí ó jìnnà sí méjèèjì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa bí ìjọ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, èwo nínú ọdún mẹ́ta yìí ni kí a pè ní ọdún ìdásílẹ̀? Ṣé ó ṣeé ṣe kí orúkọ ẹni tí ó dá ìjọ sílẹ̀ má sí nínú ìwé ìjọ náà?

Tíṣà Àgbà, Adó, dáhùn:

Àbúrò mi, ó ṣeé ṣe dáadáa, kò tilẹ̀ yà mí lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìpadàbọ̀ náà. Ọdún 1877 ni ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n para pọ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, lẹ́yìn tí Samuel Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) ni àwọn méjèèjì, ti jẹ́ iṣẹ́ gómìnà Èkó fún ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú bùdó wọn ká ní tòótọ́. Ìgbà náà ni ọ̀nà là fún àwọn tí a ti kó lẹ́rú láti wálé láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó, àwọn kan nínú wọn sì ti gba ìgbàgbọ́ níbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Adó, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Isaac Babamúbọ̀ni, babaláwo tí a kó lọ sí Ìbàdàn, tí ó padà wálé wá di aṣáájú àwọn onígbàgbọ́. Nítorí náà, bí ọdún tí àwọn àgbà yín ń kà bá sún mọ́ 1893, ẹ má ṣe sọ pé àlọ́ ni wọ́n ń pa.

Ọ̀rọ̀ Bíbélì tí ó gbé dání náà ṣeé yẹ̀ wò. Odindi Bíbélì ti jáde ní èdè Yorùbá ní 1884, nítorí náà ẹni tí ó ń ti Ìbàdàn bọ̀ lẹ́yìn ogun lè ní i lọ́wọ́. Bí ìwé náà bá ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ wo ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀, ẹ ó rí ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ní ti ọdún mẹ́wàá tí ó wà láàárín, ẹ rántí pé katikísì, olùkọ́ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà, lè kọ́ni, ó lè gbàdúrà, ó lè sìnkú, ṣùgbọ́n àlùfáà ni àwọn ènìyàn ń dúró dè kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi. Phillips tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, Oǹdó ni ó fi ṣe ibùjókòó, ó sì ń bójú tó ilẹ̀ Oǹdó àti Èkìtì pọ̀ títí ó fi kú ní 1906. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin àwọn òkè wọ̀nyí nígbà náà. Ìlú kékeré bíi tiyín lè dúró pẹ́ kí àlùfáà tó ya ibẹ̀, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi sì ní láti kọ́kọ́ pẹ́ ní kíláàsì ẹ̀kọ́ ìrìbọmi.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí wò dáadáa nìyí: ẹ béèrè iye aya tí ọkùnrin náà ní. Láti 1857 ni Henry Venn, akọ̀wé CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tí ó ní ju aya kan lọ, ṣùgbọ́n pé a lè ṣe é fún àwọn aya rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe àwọn ni wọ́n yan ipò náà. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àgbáyé tún ṣe ìpinnu tí ó fara jọ ọ́ ní ìpàdé wọn ní Lambeth ní 1888: kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí ń gbẹ̀kọ́ títí yóò fi lè mú òfin Kristi ṣẹ. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe ní ilẹ̀ tí ọkùnrin olówó kan kò fi ní í ní aya kan ṣoṣo. Ọkùnrin lè bọ́ katikísì, kí ó fi ilẹ̀ tọrẹ, kí ó kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, síbẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ má wọ ìwé ìrìbọmi láéláé. Ìwé kì í parọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a bá bi í nìkan ni ó máa ń dáhùn. Ẹni tí wọ́n da omi lé lórí ni ìwé yẹn mọ̀.

Ẹ wá ìwé owó kíláàsì bí ó bá wà, nítorí pé àwọn tí kò tíì ṣe ìrìbọmi náà ní kíláàsì tiwọn. Bí kò bá sí, ẹ lọ sí Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn ìwé CMS ti ilẹ̀ Yorùbá wà níbẹ̀.

Ìyá Ìjọ, Ìkọ̀lé, dáhùn:

Mo kí Tíṣà wa, ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n fi ìlà kìíní inú ìwé yẹn ṣe ẹ̀rí fún ọkùnrin tí kò sí níbẹ̀, wọ́n sì gbàgbé obìnrin tí ó wà níbẹ̀.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ jáde fún ìrìbọmi ní ìlú kan, omi nìkan kọ́ ni ó fi orí gbà. Ó ní láti há Òfin Mẹ́wàá, Àdúrà Olúwa àti Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì sórí ní Yorùbá inú ìwé, èyí tí kì í ṣe èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ. Títí tí ìyá ìyá mi fi kú, ohùn Èkìtì pọ́ńbélé ni ó fi ń gbàdúrà, "uyì" ni ó ń pe ohun tí Bíbélì pè ní "iyì", ṣùgbọ́n bí ó bá ti ṣí ìwé báyìí, ohùn rẹ̀ á yí padà bí ẹni pé àlejò láti Abẹ́òkúta ni ó ń sọ̀rọ̀. Obìnrin náà tún ní láti fi òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ìyàwó ilé, kí ó sì kọ oúnjẹ ọdún. Bí ọmọ rẹ̀ bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kejì, ẹ mọ ohun tí àwọn ènìyàn yóò wí. Àwa ń wá olùdásílẹ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni ó jọ pé ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ẹlòmíràn sì kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé.

Ní ti òkúta ìpìlẹ̀, ọdún kòkó ni ẹ máa wá. Ilé ìsìn tiwa àkọ́kọ́, amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ewé gbòdògì ni a fi bò ó. Nígbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wọlé ni àwọn èèyàn wa sọ pé àwọn fẹ́ ilé olókùúta àti pánù. Ọkùnrin fọ́ òkúta, obìnrin rù ú láti òkè wá, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pọn omi, àwọn tí kì í wá sí ìsìn rárá tún mú owó wá nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ìlú kejì yọ ìlú wọn lẹ́nu. Lẹ́yìn 1929 tí iye kòkó wálẹ̀, tiwa dúró láìlórùlé fún ìgbà pípẹ́. Òkúta ìpìlẹ̀ kì í ṣe òrùlé, nítorí náà ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ́sìn nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n dáhùn:

Kékeré ni tèmi. Ẹ wò ó bóyá àlàfo wà nínú ìwé náà ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1932. Nígbà tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀ọ̀yẹ̀ ní Iléṣà ní 1930, tí ó sì gbilẹ̀ dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti ilẹ̀ Èkìtì, ìjọ CMS ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e ti wá, òun fúnra rẹ̀ náà kò yàtọ̀. Ní ìlú kan tí mo mọ̀, akọ̀wé ìjọ wà lára àwọn tí ó lọ, ó sì gbé ìwé lọ. Kí ẹ tó sọ pé ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín ni ó pẹ́ jù, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará CAC (Christ Apostolic Church, ìjọ tí ó ti inú ìsọjí náà jáde) ìlú yín bóyá ohun kan wà nínú àpótí tiwọn.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ dáhùn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ṣe díẹ̀ nínú ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Bíbélì náà ṣì wà, wọ́n fi aṣọ òfì wé e, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ ẹ́ láti èèpo ìwájú títí dé àárín Jẹ́nẹ́sísì, n kò sì rí ọdún kankan níbẹ̀. Àwọn ará CAC gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ṣí àpótí fún mi, ìwé ìkórè ni ó kún inú rẹ̀.

Ìbéèrè nípa iye aya ni ó so èso. Ìyá àgbà kan tí ó dàgbà jù nínú ìjọ wa rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi í. Ó ní ṣé n kò mọ̀ pé aya kejì ọkùnrin náà ni obìnrin tí à ń wí, pé orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé. Aya mẹ́ta ni ọkùnrin náà ní, kò sì lé èyíkéyìí nínú wọn. Lórí ìjókòó tí ó kángun sí ẹnu ọ̀nà ni ó ń jókòó títí ó fi kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ìsìn sí. Obìnrin náà ni ó ń kọ́ àwọn obìnrin yòókù ní ABD lọ́wọ́ alẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ Ìyá Ìjọ bá ibẹ̀ mu.

Agbo ilé obìnrin náà kò tíì gbà, wọ́n ní ìyá àgbà náà ti ń ṣarán. Mo ti dá a lábàá fún ìgbìmọ̀ pé kí a kọ ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé, kí a sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìpéjọpọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìrìbọmi àkọ́kọ́, òkúta ìpìlẹ̀. Bàbá Ìjọ gbà. Wàhálà kan ṣoṣo tí ó kù ni pé aṣọ àjọ̀dún ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń tẹ̀ ẹ́ láti oṣù tó kọjá, ọdún òkúta ìpìlẹ̀ ni ó sì wà lára gbogbo rẹ̀.