Báwo ni òjìji orí ọmọ kòkó ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo ti gbin kòkó 200 sínú ọ̀rá, tí mo sì ta imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n kí oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ má baà jó wọn. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti hù, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n ń ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí ewé wọn sì ń pọ́n bí èyí tó fẹ́ já.

Ohun tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ni pé ohun tó mú ewé tutù yọ̀yọ̀ ló ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tí ewé sì ń fi agbára rẹ̀ sọ omi tí gbòǹgbò fà àti afẹ́fẹ́ kan, irú èyí tí àwa ń mí síta, di ṣúgà tí igi fi ń dàgbà. Mo wá gbà pé àìtó ìmọ́lẹ̀ ló ń dà wọ́n láàmú. Mo ká imọ̀ kúrò lórí 20 nínú wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí etí ewé wọn fi gbẹ, tó ká kò bí ìwé tí iná rá. Mo tún bu ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sí ìdí àwọn kan, n kò rí ìyàtọ̀ kankan. (Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò nìkan ló jọ pé inú wọn dùn sí i.)

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni kí n ṣe máa dín imọ̀ náà kù, tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi tó wọn láìjóná, kí òjò tó dé tí n óò kó wọn lọ sóko lọ́nà Ìdànrè?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú lọ́wọ́ ẹni tó bá dáhùn.