Ẹni tí ọwọ́ Bàbá ti kàn rí, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú ara fẹ́ra kù o, gbogbo ilé. Sátidé tó kọjá la ṣe fídáù ogójì ọjọ́ Bàbá wa, tó ń fọwọ́ wo oríkèé àti iṣan, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí àwọn Àáfà ṣàdúà tán tí oúnjẹ ń lọ tó ń bọ̀, kò síbi tí mo yà sí tí wọn ò ti máa sọ bí Bàbá ṣe wò wọ́n. Ó ń dùn mí pé gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn á kàn bá atẹ́gùn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ ọ́ síbí. Èmi á bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Mo gbálẹ̀, mo kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀, nígbà tó yá mo ń bá wọn di ẹsẹ̀ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe, torí Bàbá ń tún un ṣe títí ọlọ́jọ́ fi dé: wọn kì í ṣe a-to-eegun. Ẹni tí eegun rẹ̀ bá dá, wọn kì í fọwọ́ kan ibẹ̀. Osteopathy ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ibi tí oríkèé ti gan àti ibi tí iṣan ti le, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń tù ú díẹ̀díẹ̀ títí á fi rọ̀. Wọ́n sọ fún wa pé ní Amẹ́ríkà, dókítà gidi lẹni tó bá kàwé osteopathy, ó ń kọ òògùn, ó sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni tiwọn, 1993 sì ni òfin tó ń darí iṣẹ́ náà jáde níbẹ̀. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àwọn ní dókítà.

Bí ẹ̀rù bá ń ba aláìsàn, ìtàn ni wọ́n fi ń tù ú nínú. Mo gbọ́ ọ títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí. Dókítà kan wà ní Amẹ́ríkà, Andrew Taylor Still lorúkọ rẹ̀. Ní 1864, àrùn yírùnyírùn pa ọmọ mẹ́ta mọ́ ọn lọ́wọ́, gbogbo òògùn ìgbà náà, pàbó ló já sí. Látìgbà náà ló ti ń wá ọ̀nà mìíràn, tó fi di 1874 tó kéde ohun tó rí, tó fi di 1892 tó dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Kirksville, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Still ò fẹ́ràn òògùn rárá. Ibẹ̀ ni Bàbá ti máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Òògùn ìgbà tirẹ̀ nìyẹn. Ìwọ, ṣé o ti lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ láàárọ̀ yìí?"

Iṣẹ́ tí wọ́n fi sí mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láé. Ẹni tó bá ní ẹ̀yìn ń ro òun, mo gbọ́dọ̀ bi í kó tó wọlé: ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń kú? Ṣé o ṣì ń mọ̀ ọ́n bí o bá fẹ́ tọ̀? Ojú ibi tí o fi ń jókòó ńkọ́, ṣé kò kú? Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá burú, kò sí pé à ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn mọ́. Mọ́tò Bàbá ló ń gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣẹlẹ̀ lójú mi. Àwọn méjèèjì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lónìí.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ní kí o bọ́ bàtà. Wọ́n á gbé bàtà náà, wọ́n á wo gìgísẹ̀ rẹ̀, apá ibi tó ti jẹ. Wọ́n á ní kí o kọ ẹ̀yìn sí àwọn, wọ́n á wá mú èédú. Àwọn kan máa ń rò pé Ifá ni wọ́n fẹ́ dá! Àwòrán ẹ̀yìn rẹ ni wọ́n ń yà: èjìká tó ga ju èkejì lọ, ìbàdí tó yọ sápá kan. Wọ́n ní ohun tí ọwọ́ àwọn ò bá tíì yà, ojú àwọn ò tíì rí i.

Èmi ni mò ń sun èédú yẹn. Ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ ni, mo ti bó èèpo rẹ̀, mo tò ó sínú agolo mílíìkì, mo dé e pinpin, mo fi ìṣó lu ihò kan ṣoṣo sí ìdérí, mo wá tì í sínú iná. Èéfín á máa yọ lójú ihò náà. Tí èéfín bá ti dá, ó ti jóná tó, àmọ́ o ò gbọdọ̀ ṣí i àfi tó bá tutù. Mo kánjú ṣí i lẹ́ẹ̀kan, eérú ni mo bá. Bàbá ò bínú. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Àìná Ọnàbólú fún mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde níbí, tí wọ́n bí ní 1882, tó fi han àwọn òyìnbó pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú lè ya ojú ènìyàn kó jọ ẹni náà gẹ́lẹ́. A wà níbẹ̀ títí agolo kejì fi tutù.

Aránṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọrùn ló gbé èmi débẹ̀. Tó bá di òru, ìka mi á máa ṣe mí rìnrìn, mi ò ní lè sùn. Tí Iléyá bá sì ti ń sún mọ́lé, tí àwọn rẹgbẹ́rẹgbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa, ń kó aṣọ Òjúde Ọba wá, ẹkún ni mò ń sun lórí iṣẹ́. Bàbá wò mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Á rọ̀ mí, á tún padà. Ni wọ́n bá ní àwọn ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n dé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, wọ́n ní kí n máa ránṣọ mi lọ. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń yà mí. Ìgbà tí wọ́n na bébà náà sí mi, ẹnu yà mí: orí mi dorí kodò sí máṣíìnì bí adìyẹ tó ń mumi, ẹ̀yìn mi tẹ̀ bí ọrun. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn fìka kan ibi tí ọrùn ti ṣẹ́ po nínú àwòrán yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rán káfíńtà sí mi pẹ̀lú ègé igi mẹ́rin. Ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì máṣíìnì oníná mi, ó gbé e ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Bàbá ní ìgbà kúùgbà tí òwú bọ́bìnì bá tán, kí n dìde nílẹ̀ kí n tó wé òmíràn. Mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ mi pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò tiẹ̀ mọ ẹni tó dá a sílẹ̀.

Láti Ṣàgámù

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí mo jábọ́ lórí ọ̀kadà. Ẹnìkan tó ń to eegun ládùúgbò fi ọparun di apá mi, ó dì í le koko. Nígbà tó di alẹ́, ọwọ́ ti wú, ìka ti tutù, ó ń dúdú bọ̀. Bàbá mi gbé mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde torí wọ́n ti gbọ́ pé ọwọ́ Bàbá yìí tutù. Bàbá ò tilẹ̀ jẹ́ kí a jókòó. Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n mú, wọ́n gé okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi gèlè ìyàwó wọn gbé apá mi kọ́ ọrùn, wọ́n sì fúnra wọn wa mọ́tò títí dé ọsibítù. Bàbá mi ń bẹ̀ wọ́n lójú ọ̀nà pé kí wọ́n kúkú bá òun fọwọ́ wò ó. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ ò dé ìka ọmọ yìí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi kọ́ nìyí." Dókítà sọ pé tó bá mọ́jú bẹ́ẹ̀, gígé ni wọn ì bá gé e. Apá yẹn ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Láti Ìlíṣàn

Èmi á sọ tèmi bó ṣe rí. Orúnkún ìyá mi kò san. Oṣù márùn-ún ni Bàbá fi tọ́jú wọn, ó ń dín kù díẹ̀, kò lọ. Lọ́jọ́ kan, Bàbá jókòó níwájú wọn, wọ́n ní, "Mọ́mì, ibi tí ọwọ́ mi lè gbé e dé nìyí, n ò ní máa gba owó yín lásán." Wọ́n kọ ìwé lé wa lọ́wọ́ pé ká lọ rí dókítà eegun. Ìyá mi bínú nígbà náà. Lẹ́yìn tó pẹ́, wọ́n máa ń sọ pé Bàbá nìkan ló sọ òótọ́ fún àwọn.

Ọmọ agẹṣin, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọjọ́ kẹta Iléyá, ní Òjúde Ọba, gbogbo ayé ń wo agbádá, Bàbá ń wo ìbàdí agẹṣin! Wọ́n ya bàbá mi lórí ẹṣin, àwòrán náà wà ní pálọ̀ wa. Kò sí ojú níbẹ̀, ẹ̀yìn nìkan ni, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó wọlé tí kò mọ ẹni tó jẹ́.

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń kà á. Àwọn àwòrán yín wà nílé, apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ló kún lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, déètì àti ibi tó ń dun yín sì wà lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Bàbá ní kí ẹni tó bá ní tirẹ̀ níbẹ̀ wá mú un. Èyí tó wà lókè pátápátá kì í ṣe ti aláìsàn kankan. Ọwọ́ Bàbá fúnra wọn ni, àtàǹpàkò náà ti wú lóríkèé, ó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ti òsì nìkan ni wọ́n yà, torí ọ̀tún ló mú èédú.

Ọjọ́ Àìkú ni kẹ́ ẹ wá, lẹ́yìn aago mẹ́rin. Mo máa wà níbẹ̀.