Kírísítálì wo ni kí n fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí ìmọ́lẹ̀ lésà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń kọ́ físíìsì, mo sì fẹ́ wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń jáde lára kírísítálì tí wọ́n po mẹ́tàlì díẹ̀ mọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe lésà. Tọ́ọ̀ṣì lésà aláwọ̀ ewé kan àti oscilloscope àtijọ́ (ẹ̀rọ tó ń yàwòrán bí iná mànàmáná ṣe ń yí padà) ni mo ní. Nínú rúbì, Nd:YAG (èyí tí wọ́n po neodymium mọ́) àti Ti:sapphire (èyí tí wọ́n po titanium mọ́), èwo ni kí n rà?

Ọmọ Ọ̀bọkun: Rúbì ni, àbúrò. Òun náà ni Theodore Maiman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, fi ṣe lésà àkọ́kọ́ ní 1960. Chromium tó gba ipò aluminium díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń gba ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé wọlé, á sì tú u jáde ní pupa, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi nánómítà 694. Chromium yìí kì í kánjú: bí o bá dá lésà dúró lójijì, ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.003 kí pupa náà tó dínkù sí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún, oscilloscope àtijọ́ yóò sì rí ìyẹn kedere. Ti Ti:sapphire kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lọ, ìyẹ́ fáànù tí o bá fi gé ìmọ́lẹ̀ kò lè yá tó bẹ́ẹ̀.

Má tilẹ̀ rà á. Lọ bá àwọn tó ń tún aago ṣe. Àwọn òkúta pupa kéékèèké inú aago tí à ń fi ọwọ́ yí kó tó ṣiṣẹ́, rúbì àtọwọ́dá ni. Nínú aago kan tó ti kú, tí mo rà nítòsí ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà, ni mo ti yọ tèmi.

Ìyá Físíìsì: Mo fara mọ́ rúbì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fáànù yẹn kù díẹ̀. Ibi tí ìtànṣán lésà ti tín-ínrín jù, ní ṣóńṣó ìyẹ́, ni kí o ti gé e, nítorí bí gígé náà bá falẹ̀, ìfàlẹ̀ fáànù ni wàá máa wọ̀n, tí wàá rò pé ti chromium ni. Kọ́kọ́ wọn àwọ̀ ewé náà láìsí rúbì. Lẹ́yìn náà, fi gíláàsì pupa bo ojú ẹ̀rọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀, kí àwọ̀ ewé má bàa wọlé.

Ní ti neodymium, ó ṣeé ṣe kí o ti ní in lọ́wọ́: òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì lésà aláwọ̀ ewé, tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ nánómítà 808 di 1064, kí kírísítálì kejì tó sọ ọ́ di 532, ìyẹn àwọ̀ ewé. Ojú kò rí 808 àti 1064, wọ́n sì lè máa jò jáde lára èyí tí kò wọ́n lówó, nítorí náà, má ṣe wo inú rẹ̀ rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ̀gbọ́n, ṣé òkúta òrùka kò lè ṣe é?

Ọmọ Ọ̀bọkun: Ó lè ṣe é bí ó bá jẹ́ rúbì lóòótọ́, àmọ́ irin tó wà nínú òmíràn tí wọ́n hú láti inú ilẹ̀ máa ń pa pupa náà. Ti aago mọ́ jù ú lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Mo ti rí aago kan. Òkúta rẹ̀ kò tó orí ìṣáná, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tan lésà sí i nínú òkùnkùn, ńṣe ló pọ́n bí ẹyin iná.